Ìgbéléwọ̀n Ọgbọ́n Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Ibi Tí Ojú Títì Ti Sán

Ìgbéléwọ̀n yìí ni iṣẹ́ yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí kọ̀ǹpútà pè ní sísán nínú àwòrán ojú títì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ibi tí títì bá ti sán ni omi òjò ń gbà wọ ilẹ̀ tó gbé e ró. Bí ọkọ̀ sì ti ń tẹ ibẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dà á máa ṣí, kòtò á sì yọ. Nítorí náà, àṣìṣe ẹ̀rọ kò dọ́gba: fífojú fo sísán léwu ju pípe òjìji igi ní sísán lọ.

Ènìyàn ló kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ fa àmì sórí sísán inú àwòrán, a ó sì fi àmì ẹ̀rọ wé tirẹ̀ ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán. Kíka iye píksẹ́lì tí ẹ̀rọ gbà lásán máa ń tanni jẹ. Nínú CrackForest, àkójọ àwòrán 118 tí wọ́n fi fóònù yà ní ìlú Beijing, àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 480 lọ́nà 320, ìyẹn píksẹ́lì 153,600. Bí sísán bá gba 3,000 nínú wọn, ẹ̀rọ tó ní kò sí ìlà kankan níbẹ̀ yóò gba nǹkan bí 98 nínú 100, bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo precision, tó ń sọ iye tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí ẹ̀rọ tọ́ka sí, àti recall, tó ń sọ iye tí ẹ̀rọ rí nínú ohun tó wà. F1 jẹ́ irú ìpíndọ́gba méjèèjì. Ní ti IoU, wọ́n ń fi gbogbo ibi tí àmì méjèèjì gbà pín ibi tí wọ́n ti bọ́ sórí ara wọn.

Etí sísán ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Ká ní sísán fẹ̀ ní píksẹ́lì 3, tí ẹ̀rọ fa ìlà tó fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní píksẹ́lì 2. Ojú lásán kò ní rí àléébù kan níbẹ̀, síbẹ̀ píksẹ́lì 1 péré ló bára mu nínú 5 tí ìlà méjèèjì gbà, IoU sì di 0.2. Àwọn kan máa ń fàyè gba ìyẹ̀ píksẹ́lì 2 tàbí 5, ìlà kan náà á sì gba máàkì tó pé. Máàkì tí a kò bá kọ irú àyè bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn rárá. Ní 2010, Yichang Tsai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Georgia Tech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi ọgbọ́n mẹ́fà tí ń wá sísán wé ara wọn, wọ́n sì lo òdiwọ̀n tó dá lórí Hausdorff, èyí tó ń wo bí àmì ẹ̀rọ ṣe jìnnà tó sí ti ènìyàn.

Ibi tí àwòrán ti wá ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Àkójọ àwòrán bíi CrackForest ni Crack500, GAPs àti RDD2022 náà. Crack500 wá láti ọgbà Yunifásítì Temple ní Philadelphia. GAPs, ti Jámánì, ní àwòrán 1,969 nígbà tó jáde ní 2017, píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró fún mìlímítà 1.2 lójú títì. Ẹ̀rọ tí a fi ọ̀kan kọ́ yẹ kí a fi òmíràn dán wò, nítorí ìyẹn ló ń fi hàn bóyá ó mọ sísán, tàbí títì ibì kan ṣoṣo ló mọ̀. RDD2022 ní àwòrán 47,420 láti Jàpáàn, Íńdíà, Tsẹ́kì, Nọ́wè, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà. Àpótí ni wọ́n fà yí ìbàjẹ́ ká níbẹ̀, yálà sísán gbọọrọ, sísán tó dábùú ọ̀nà, èyí tó rí bí awọ ọ̀nì, tàbí kòtò. Irú àmì bẹ́ẹ̀ kò lè díwọ̀n bí sísán ṣe fẹ̀ tó. Kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, débi tí máàkì orí rẹ̀ yóò fi sọ bí ẹ̀rọ yóò ti ṣe sí lójú títì tí erùpẹ̀ pupa ti dí sísán rẹ̀.