Ọ̀pá tó ń dá ọwọ́ sílẹ̀: kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ló wà fún

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀. Ọ̀pá abẹ́ abíyá á sú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ bá wẹ́dà kó bá a ṣe èyí tó máa fi orúnkún kúnlẹ̀ lé, kó lè rí ọwọ́ lò. Wọ́n gbà pé bí fóòmù bá ti wà lábẹ́ orúnkún, tí bẹ́líìtì sì dè é, ó parí.

Pé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn. iWALK, irú ọ̀pá yìí tí ilé iṣẹ́ ṣe tí wọ́n ń tà, ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí òpó ẹ̀gbẹ́ itan, èyí tó gòkè kọjá orúnkún tí bẹ́líìtì sì dè mọ́ itan, ń ṣe ni wọn kò mọ̀. Wọ́n rò pé bẹ́líìtì itan kàn wà kí ọ̀pá má baà já bọ́ ni. Rárá o. Bí ara bá yẹ̀ síwájú díẹ̀, abẹ́ orúnkún ni ọ̀pá máa ti yí, bẹ́líìtì òkè itan ló sì ń dá a dúró. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó wọn kílò 70, tí ìwúwo rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò lórí ẹsẹ̀ ọ̀pá tó tẹlẹ̀, bẹ́líìtì tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sókè orúnkún máa fara da nǹkan bíi kílò 12. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 10, ó di kílò 35. Ibẹ̀ ló ti ń gé ẹran itan. Olúwarẹ̀ á dẹ̀ ẹ́, á sì ṣubú.

Ní ti gíga ọ̀pá, kí ìbàdí méjèèjì dọ́gba, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kejì. Bí ọ̀pá bá ga jù, á máa kọlẹ̀, torí orúnkún kò ní lè ká sí i.

Orúnkún àti òkè ojúgun ló ń gbé ara. Ẹni tó ṣẹ́ ní kókósẹ̀ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já, lè bi dókítà léèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ́ ní orúnkún, itan tàbí òkè ojúgun, kó má dán an wò.

Fún ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ kan dúró láìdi nǹkan mú, ó ṣeé ṣe kó sàn ju ọ̀pá abíyá lọ, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ tí kò sì tutù. Fún àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí bẹ́líìtì tẹ egungun kékeré tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ òde, nísàlẹ̀ orúnkún. Iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó ń jẹ́ kí iwájú ẹsẹ̀ gbéra sókè gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá pẹ́ lábẹ́ bẹ́líìtì, ẹsẹ̀ lè máa wọ́ nílẹ̀. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá sì wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ tú ọ̀pá náà, kí ẹ lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.