Bí Ìṣirò Owó Ilé Ṣe Kúrò Lẹ́yìn Iṣẹ́, Tó Bọ́ Síwájú Rẹ̀

Ní Éfésù àtijọ́, òfin kan wà tó le fún ẹni tó bá gba iṣẹ́ ilé ìlú. Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù, ló ròyìn rẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ayàwòrán ilé á dárúkọ iye tí yóò ná ìlú, wọ́n á sì fi dúkìá rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ títí iṣẹ́ á fi parí. Bí owó tí wọ́n ná bá bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu, wọ́n á yẹ́ ẹ sí. Bí ó bá lé, tí àlékún náà kò sì ju ìdámẹ́rin lọ, àpò ìlú ni yóò ti jáde. Èyí tó bá ju ìdámẹ́rin, inú dúkìá ọkùnrin náà ni wọ́n á ti yọ ọ́. Vitruvius ní ì bá wu òun kí Róòmù náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ àwọn onílé tí owó tán lọ́wọ́ wọn láàárín iṣẹ́, tí ìrètí wọn sì bá a lọ.

Òfin Éfésù mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹni tó ṣìṣirò níyà. Àmọ́ báwo ni ẹni náà yóò ṣe mọ iye owó ilé tí kò tíì sí? Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi wá ọ̀nà sí ìyẹn, ọ̀nà náà sì ni iṣẹ́ tí àwọn QS (quantity surveyor), àwọn tó ń ṣírò owó ilé, ń ṣe lónìí. Lójú tèmi, ìgbà tí wọ́n ń ka nǹkan ni gbogbo ìtàn náà dá lé: ṣé lẹ́yìn iṣẹ́ ni, àbí ṣáájú?

Gbòǹgbò rẹ̀ jìnnà. Ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn akọ̀wé Mesopotámíà, ní ilẹ̀ tó di Ìráàkì, ti kọ ọ́ sára wàláà amọ̀ pé bíríkì 240 ni kí ẹnì kan máa mọ lóòjọ́. Ẹni tó bá mọ iye bíríkì tí ògiri yóò jẹ ti lè mọ iye ọwọ́ tí yóò nílò àti oúnjẹ tí yóò wọ̀n fún wọn. Ní Ṣáínà, ìjọba Song pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ọba kan, Li Jie, ní 1097 pé kí ó ṣe ìlànà tí yóò kó owó ilé kíkọ́ ìjọba níjàánu. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1103 lábẹ́ orúkọ Yingzao Fashi. Nínú orí 34 tó ní, 10 jẹ́ ti òṣùwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́, 3 sì jẹ́ ti ohun èlò. Wọ́n tilẹ̀ ro gígùn ọ̀sán mọ́ ọn: ní ìgbà tí ọ̀sán gùn, iṣẹ́ tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹnì kan á fi ìdá 10 nínú 100 lé, ní ìgbà òtútù tí ọ̀sán kúrú, á fi bẹ́ẹ̀ dín. Níhìn-ín, òjò ni a máa ń bá ṣe irú ìṣirò yẹn.

Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ wa gan-an, Lọ́ńdọ̀nù ló gbà kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án 1666, iná jó ìlú náà, ó run ilé bí 13,200 àti ṣọ́ọ̀ṣì 87. Ṣáájú iná náà, owó òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbà. Nígbà tó di pé odindi ìlú ni wọ́n fẹ́ tún kọ́, òfin 1667 ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ìta Lọ́ńdọ̀nù, sísan owó òòjọ́ fún ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́ kò sì rọrùn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó nípa ìwọ̀n. Bíríkìlà á gba tirẹ̀, kápẹ́ńtà á gba tirẹ̀, olójé á gba tirẹ̀. Bí kálukú bá parí, awọnlé á dé pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n, á ka ohun tó ti dúró nílẹ̀, á sì fi iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di pọ́n-ùn. Oníṣẹ́ a máa ní awọnlé tirẹ̀, onílé náà a sì máa ní tirẹ̀. Ògiri kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n, síbẹ̀ iye tí wọ́n ń bá bọ̀ kì í sábà dọ́gba.

Christopher Wren, tó tún kàtídírà St Paul's kọ́, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú lẹ́tà kan ní 1681 sí John Fell, bíṣọ́ọ̀bù Oxford. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ ilé fúnni: owó òòjọ́, ìwọ̀n, àti àgbàṣe odindi, ìyẹn iye owó kan fún gbogbo iṣẹ́ náà. Owó òòjọ́ ń jẹ́ kí òun mọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń ṣọ̀lẹ. Ìwọ̀n ń la òun lójú sí gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́, ó ń sọ ohun tí òun gbọ́dọ̀ pèsè. Ní ti àgbàṣe odindi, ó ní bí iṣẹ́ bá ṣàjèjì sí ẹni tó gbà á, ẹni náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ lára. Bó bá sì fura pé òun ti ń pàdánù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ náà ní jákujàku. Ìwọ̀n ni Wren yàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́lé ní Ìbàdàn tàbí Èkó ti pàdé oníṣẹ́ kẹta yìí rí.

Síbẹ̀, àgbàṣe odindi ló borí. Nígbà ogun Napoleon, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílò bárékè kíákíá, ó sì fẹ́ mọ iye owó rẹ̀ ṣáájú. Láàárín àkókò yẹn náà ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá bíi Thomas Cubitt ní Lọ́ńdọ̀nù kó bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti àwọn yòókù jọ sábẹ́ ara wọn. Onílé wá lè pe agbaṣẹ́ṣe bíi márùn-ún, kí kálukú dárúkọ iye kan fún gbogbo ilé, kí ó mú ẹni tó kéré jù.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, ibẹ̀ náà sì ni ọgbọ́n ti jáde. Kí agbaṣẹ́ṣe tó lè dárúkọ iye kan, ó gbọ́dọ̀ wọn gbogbo ilé láti inú àwòrán: iye ilẹ̀ tí wọ́n máa gbẹ́, iye bíríkì, iye pákó, iye gíláàsì. Àwọn márààrún á jókòó ti àwòrán kan náà fún ọjọ́ púpọ̀, mẹ́rin nínú wọn á sì ṣe é lófo. Wọ́n bá pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n gba awọnlé kan ṣoṣo kí ó ka iye náà fún gbogbo wọn. Ẹni tí iṣẹ́ bá já mọ́ lọ́wọ́ á ro owó awọnlé mọ́ iye tó dárúkọ. Nígbà tó yá, àwọn onílé fura pé àpò àwọn ni owó yẹn ti ń jáde, àti pé àwọn agbaṣẹ́ṣe ni awọnlé náà ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba awọnlé fúnra wọn. Ìwé tí awọnlé bá kọ, tí a ń pè ní BOQ (bill of quantities), ni gbogbo agbaṣẹ́ṣe á gbà: ìwọ̀n kan náà ni fún gbogbo wọn, iye owó nìkan ni kálukú á kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ẹjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ti di ìwé ṣáájú iṣẹ́. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ìyípadà tó dáa jù nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, torí pé ó dáàbò bo onílé àti agbaṣẹ́ṣe pọ̀.

Ìdánwò rẹ̀ kò pẹ́ dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 1834, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jóná. Àwọn igi ìṣirò àtijọ́, tí wọ́n ti ń gé àmì owó sí lára tipẹ́, ni wọ́n ń sun nísàlẹ̀ ilé tí iná fi ràn. Charles Barry ni wọ́n yan láti yàwòrán ilé tuntun, Henry Hunt sì ni ó wọ̀n ọ́n. Iye tí Hunt mú wá jẹ́ £707,104, ó sì ní ọdún mẹ́fà ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Àmọ́ iṣẹ́ náà gbà ju ọgbọ̀n ọdún lọ, owó náà sì ju mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn lọ. Àwòrán ń yí padà, àwọn agbẹ́kùúta daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1841, ètò atẹ́gùn inú ilé náà sì di ìjà. Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á ní ìṣirò kò wúlò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: nítorí pé iye àkọ́kọ́ wà lákọsílẹ̀ ni àwọn aṣòfin fi lè béèrè ibi tí èyí tó lé bá lọ.

Ní 1868 àwọn awọnlé àti awọnlẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó di RICS. Ní 1922, àwọn àti àwọn agbaṣẹ́ṣe jọ tẹ ìlànà ìwọ̀n kan ṣoṣo jáde, kí awọnlé méjì má tún máa wọn ògiri kan ní ọ̀nà méjì mọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé alámọ̀. Ẹbí, àna àti ẹgbẹ́ á pé jọ, onílé á pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Onílé tó gbọ́n á ti ka orí àwọn tó ń bọ̀ àti iṣu tó wà nínú àká kó tó dá ọjọ́. BOQ bá ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Nígbà tó di 1969, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ iṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì dá NIQS, ẹgbẹ́ àwọn QS Nàìjíríà, sílẹ̀, òfin 31 ti ọdún 1986 sì dá ìgbìmọ̀ QSRBN sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn QS sílẹ̀. A ti ní ìlànà ìwọ̀n tiwa, BESMM. Ẹ̀dà kẹta jáde ní 2008, ẹ̀kẹrin ní 2015.

Ìwọ̀n nìkan kò tó, iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àlàyé. Mú mítà onígun mẹ́rin kan lára ògiri búlọ́ọ̀kù. Bí ojú búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ 450 sí 225 mílímítà, bíi 10 ni yóò jẹ. A ó fi ti àfọ́ lé e, a ó ro sìmẹ́ǹtì àti yanrìn tí wọ́n fi ń tò ó, a ó fi iye ògiri tí bíríkìlà àti lébìrà ń tò lóòjọ́ pín owó òòjọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni ìnáwó ọ́fíìsì àti èrè. Mítà kúbíìkì kan kọnkéré, sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, ń jẹ àpò sìmẹ́ǹtì tó lé díẹ̀ ní 6, nítorí ohun gbígbẹ máa ń sún kì nígbà tí omi bá kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ àpò 4 síbẹ̀, kí onílé béèrè bí kọnkéré yẹn yóò ṣe lágbára.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so iye owó ọjà ọjọ́ àdéhùn mọ́ ìwé iṣẹ́. Bí sìmẹ́ǹtì bá gbówó lórí láàárín iṣẹ́, ìlà sìmẹ́ǹtì nìkan ni a ó yí padà. Iye àpò kò yí, owó bíríkìlà kò yí, èrè tí wọ́n jọ fohùn sí náà kò yí. Rìsíìtì sìmẹ́ǹtì ni agbaṣẹ́ṣe yóò mú wá, QS yóò sì fi iye àpò tó wà nínú ìwé sọ ọ́ di owó.