Agodi ni kíláàsì àkọ́kọ́: bí ẹ̀kọ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà nídìí ilé gogoro Layípo, l'Ókè Ààrẹ. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọn ò ní irin tí kámẹ́rà fi ń rìn, ni wọ́n bá yá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ní ọsibítù. Oníkámẹ́rà jókòó sínú rẹ̀, ẹnìkejì ń tì í bọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọbìnrin kan fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ bo etí méjèèjì, ó so máìkì mọ́ ọ̀pá, ó nà án sókè orí òṣèré. Ẹ sáà mọ Ìbàdàn. Takisí Máíkírà kan fun fèrè, wọ́n dúró. Ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n tún dúró. Ọmọbìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan, ọwọ́ lásán ló gbé sókè, gbogbo wọn sì ń wo ọwọ́ náà. Kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, oòrùn ti kúrò níbi tí wọ́n ń fẹ́.

Mo béèrè ẹni tó kọ́ wọn ní sùúrù báyẹn. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Olùkọ́ wa ni, sà. NTA ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì."

Ìdáhùn yẹn ò yà mí lẹ́nu rárá. Ẹni tó bá ń wá ìdí ẹ̀kọ́ fíìmù nílùú yìí, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé kankan. Agodi ni kó gbà lọ, níbi tí ilé tẹlifíṣọ̀n NTA Ìbàdàn wà.

Ìjà orí rédíò ló sì gbé wa dé Agodi. Lọ́dún 1953, Anthony Enahoro dábàá nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara ẹni ní 1956. Ọ̀rọ̀ di wàhálà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group àti NCNC fi ìbínú jáde. Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó di ẹ̀bi rù wọ́n. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí Action Group, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n ní kò sáyè. Òfin ìjọba tó jáde ní 1954 ló wá fún àwọn ẹkùn láǹfààní láti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn da owó pọ̀ mọ́ Overseas Rediffusion, iléeṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di 31 October 1959, WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn. Rédíò tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà gan-an, ọdún tó tẹ̀ lé e ni tiwọn tó dé. Tẹlifíṣọ̀n ló ṣáájú!

"Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà" ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn kan á jiyàn pé Mòrókò àti Àlgéríà ti tan tiwọn lábẹ́ àwọn Faransé. Wọ́n rí i sọ, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sọ ọ́ létí ọmọ Ìbàdàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó tíì kọ́ iṣẹ́ náà rí lórílẹ̀-èdè yìí. Láti rédíò ni Aníkẹ́ Àgbájé-Williams, ojú àkọ́kọ́ tí wọ́n rí lórí ẹ̀rọ, ti wá. Ṣẹ́gun Olúṣọlá di olóòtú, ó sì darí eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún tẹlifíṣọ̀n ní 1960, nígbà tí iléeṣẹ́ náà ò tíì pé ọdún kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń kọ́ ọ. Eré inú sítúdíò ń lọ tààrà sílé àwọn èèyàn ni. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, gbogbo ìlú ló gbọ́. Fíìmù tí wọ́n bá yà níta ní tiẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, wọ́n á fi abẹ gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Rólù 16mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100 kì í tó ìṣẹ́jú 3 tó fi tán. Ẹni tó bá tan kámẹ́rà kó tó mọ ohun tó fẹ́ yà, ó ti fi owó ìjọba ṣòfò. Ibẹ̀ ni gbígbé ọwọ́ sókè yẹn ti wá, tẹ́ ẹ bá bi mí.

Túndé Kèlání gba ibẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nídìí kámẹ́rà kó tó lọ sí ilé ìwé fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn: ẹ lè kọ́ṣẹ́ l'Ágodi, ṣùgbọ́n sáfíkéètì, òkè òkun ni.

Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí, tíátà ló sì gbájú mọ́. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, owó ìrànwọ́ Rockefeller bá wọn dá School of Drama sílẹ̀, Geoffrey Axworthy ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1970 ló di ẹ̀ka Theatre Arts. Ọdún yẹn náà ni Calpenny, iléeṣẹ́ Francis Ọládélé, gbé Kongi's Harvest jáde ní fíìmù, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi. Òyìnbó dúdú láti Amẹ́ríkà, Ossie Davis, ló darí rẹ̀. A ti ní òǹkọ̀wé, a ti ní òṣèré. Olùdarí fíìmù la ṣì ń yá.

Lọ́dún 1976, ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo ilé tẹlifíṣọ̀n, WNTV náà bá a lọ. Vincent Maduka, ọ̀gá WNTV, ló di olórí NTA, àjọ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máa dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, Jos ló bọ́ sí. Ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba tó dé ní 1995, Jos náà ni. Ìyá ọmọ wà n'Íbàdàn, Jos ni wọ́n ti kó ọmọ jáde. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìbàdàn ò sì jókòó. Àwọn eléré tíátà tí tẹlifíṣọ̀n gbé jáde, irú Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ní ilé ìwé tiwọn: ọmọ iṣẹ́ ń gbé báàgì ọ̀gá, ó ń fọ aṣọ eré, ó ń kọ́ ìlà kan lónìí, ìlà méjì lọ́la, títí wọ́n á fi ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Nígbà tí fídíò dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí kò sí fíìmù tí ẹnikẹ́ni ń fọ̀ mọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí ló bọ́ sí. Wọ́n mọ eré. Iná àti ohùn ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ẹni tó bá wo fídíò ìgbà náà mọ ohun tí mò ń sọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń pariwo ju òṣèré lọ.

Àlàfo yẹn gan-an ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wá bá. Theatre Arts ti yunifásítì fi eré ojú kámẹ́rà kún ti orí ìtàgé, Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn ní Mass Communication, àwọn aládàáni náà sì gbé pátákó sójú títì. Ní nǹkan bí ọdún 2020, NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, tú Mass Communication sí ọ̀nà méje, Film and Multimedia sì gba ipò tiẹ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, kíláàsì nìkan ò tó: tí àkókò IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta ilé ìwé, bá tó, ọmọ ilé ìwé á gba lẹ́tà, á forí lé iléeṣẹ́ tó ń gbé ètò jáde, yálà BCOS, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Baṣọ̀run tàbí NTA.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ́jọ́ yẹn, mo bi ọmọbìnrin elétí náà níbi tó ti fẹ́ ṣe IT tiẹ̀. Ó ká wáyà rẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó ní ọjọ́ Ajé lòun máa mú lẹ́tà lọ s'Ágodi.