Ẹ́ńjìnnì ń lọ, iná ayọ́rin kò kú

Níbi tí mekáníìkì méjì bá ti jókòó ní Akúrẹ́, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì sì jáde, ibì kan náà ló máa ń já sí: "Kò sí pístìn, kò sí kiránkì. Kí ni àwọn ayọ́rin tún fẹ́ máa dà?" Ayọ́rin ni ẹni tó ń yọ́ irin, tó ń dà á di ohun èlò. Ọ̀rọ̀ yìí ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Òótọ́ ni pé búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àti orí rẹ̀ kò sí nínú ọkọ̀ oníbátìrì. Àmọ́ mọ́tò iná, ẹ̀rọ tó ń yí táyà, tó gba ipò wọn, ní ilé tó ń gbé. Gíà rẹ̀ ní ilé tirẹ̀. Ìnfátà tó ń yí iná bátìrì padà fún un náà ní ilé tirẹ̀. Dídà ni wọ́n sábà máa ń da àwọn ilé wọ̀nyí, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì fi ń dà wọ́n. Díìsì bírékì ṣì wà ní tirẹ̀, irin dúdú tí wọ́n dà sínú iyanrìn, bó ṣe wà látijọ́.

Ohun tó yí padà gan-an ni ìwọ̀n àṣìṣe tí iṣẹ́ náà lè gbà. Bátìrì wúwo, nítorí náà ohun yòókù gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ègé irin dídà tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan wọ̀n gíráàmù 7.2, ti alumíníọ̀mù kò ju 2.7 lọ. Kó lè túbọ̀ fúyẹ́, wọ́n tún ń dà á tínrín. Ara tínrín kò sì ní ibi tó máa fi ihò pamọ́ sí.

Ẹ wo ògì gbígbóná tí wọ́n bù sínú abọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kò ní pẹ́ tí awọ á fi bo ojú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ti ṣíbí bọ̀ ọ́, awọ yẹn kò ní yọ́ padà. Ṣe ló máa ká, á wọ inú ògì lọ, ahọ́n á sì mọ̀ ọ́n lára. Alumíníọ̀mù tó yọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé kì í dúró kó tutù kó tó ṣe é. Ní 660°C ló ń yọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ ti bò ó lójú ẹsẹ̀. Kò sí iná tí ayọ́rin ń dá tó lè yọ́ awọ náà, nítorí ó fẹ́ ooru tó lé ní 2,000°C. Bí alumíníọ̀mù bá ń ṣàn jẹ́jẹ́, awọ á wà lójú rẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ń ru, awọ á ṣẹ́ po, ojú gbígbẹ méjì á kọjú síra, afẹ́fẹ́ á há sáàárín wọn, wọ́n á sì jọ rì sínú. Ibẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́. Ojú kò ní rí i lẹ́yìn tó bá dì, ṣùgbọ́n ohun èlò náà ti sán kí ọkọ̀ tó rìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Báwo ni jẹ́jẹ́ ṣe ń jẹ́jẹ́ tó? Kó má ju ìdajì mítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Létí, ó dà bíi pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá já bọ́ láti òkè tó ju mìlímítà 13 lọ ti kọjá ìyára yẹn, ìyẹn ìbú ìka ọwọ́ kan péré. Ẹni tó ń da ìkòkò ọbẹ̀, tó gbé irin yíyọ́ sókè ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan kó tó máa dà á sí ẹnu mọ́ọ̀dù, ihò tó ní ìrísí ohun tí wọ́n fẹ́ dà, ti po gbogbo awọ ògì pọ̀ mọ́ ògì. Ìkòkò á gbà á fún un: ara rẹ̀ nípọn, èéfín àti òróró á sì dí àwọn ihò kéékèèké lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé mọ́tò kò ní gbà á.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń da ilé mọ́tò kì í fi da alumíníọ̀mù láti òkè rárá. Mọ́ọ̀dù ló wà lókè, ìkòkò ayọ́rin wà nísàlẹ̀, ọ̀pá kan so wọ́n pọ̀. Wọ́n á rọra fi afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó ti táyà ọkọ̀ tẹ ojú irin náà, irin á sì máa gba inú ọ̀pá gòkè bí omi kànga ṣe ń gòkè lẹ́yìn òjò. Kò já bọ́, kò ta, kò po awọ. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó wuyì tó o. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fi iyanrìn ṣe ohun tó sún mọ́ ọn: kó má jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà irin wà lókè ohun tó ń dà, kó gbà á wọlé láti ìsàlẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni háídírójìn. Inú omi ló ti ń wá: alumíníọ̀mù gbígbóná á gba ọ́síjìn inú omi fi ṣe awọ, á sì gbé háídírójìn mì. Ó lè gbé e dání nígbà tó bá ṣì yọ́. Bó bá ń dì, ààyè tó ní fún un á dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po ogún, èyí tó ṣẹ́ kù á wá fẹ́ jáde bí gáàsì mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Kò rí ọ̀nà jáde, ló bá di ihò. Lásìkò òjò ní Akúrẹ́, àjákù alumíníọ̀mù tí wọ́n fẹ́ yọ́, tó sùn síta, ti mu omi. Iná tí wọ́n fi ọ́ìlì kóńdẹ́ẹ̀mù dá ń tú oru omi jáde. Ṣíbí ìdàrin tí kò gbẹ náà ń dá kún un. Kí wọ́n kọ́kọ́ yan àjákù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó tó wọ ìkòkò, nítorí omi díẹ̀ tó bá rì sábẹ́ irin yíyọ́ á bú gbàù, ó sì lè gba ojú èèyàn. Kí ooru má sì ju 750°C lọ: níbẹ̀, háídírójìn tó lè gbé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti 660°C. Alumíníọ̀mù tó bá ń pọ́n lójú ọ̀sán gangan ti gbóná jù. Èyí tó bá ti wọlé, gáàsì ágọ́nì tí àwọn wẹ́dà alumíníọ̀mù ń lò ló ń lé e jáde: wọ́n á gbà á sísàlẹ̀ ìkòkò, kó máa hó gòkè. Kí ìhó náà kéré, kó sì pọ̀. Ìhó ńláńlá kì í kó nǹkan jáde.

Gbogbo èyí ṣe pàtàkì nítorí pé omi ń gba inú ògiri ilé mọ́tò kọjá, láti máa tu mọ́tò lára. Iyanrìn ni wọ́n sábà fi ń mọ ọ̀nà omi yẹn: wọ́n á mọ ọ́n lọ́tọ̀, wọ́n á gbé e sáàárín mọ́ọ̀dù, irin á yí i ká, wọ́n á gbọn iyanrìn dànù. Iyanrìn funfun Igbókọ̀dá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tó kún fún sílíkà, yẹ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò ní amọ̀ tó máa dì í mú. Sílíkéètì tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò, bíi kílò 4 sí 100 kílò iyanrìn, á dì í, tí wọ́n bá ti fẹ́ gáàsì kábọ́ńdáyọ́ksáìdì sí i. Bí ògiri ilé mọ́tò bá wá jò, omi á bá wáyà mọ́tò, ó parí. Fọkanáísà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ èyí wò: dí gbogbo ẹnu rẹ̀, fọ́n afẹ́fẹ́ sí i, rì í bọ inú omi, kó o sì wo ibi tó ń hó. Ilé iṣẹ́ ńlá ń lo gáàsì híílíọ̀mù àti ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ọ̀nà mìíràn wà tó tẹ gbogbo òfin jẹ́jẹ́ mọ́lẹ̀, òun ló sì ń gba ìròyìn jù. Ẹ̀rọ á gbá alumíníọ̀mù wọ mọ́ọ̀dù irin ní ìyára mítà 30 sí 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mọ́ọ̀dù á ti kún kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n á ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ṣáájú, wọ́n á sì tún fún irin náà mọ́lẹ̀ títí á fi dì, kí ihò tó bá kù lè kéré. Láti ọdún 2020 ni Tesla, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníbátìrì, ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí ilé iṣẹ́ IDRA ti Ìtálì ṣe, da ìdí ẹ̀yìn ọkọ̀ Model Y. Agbára tó fi ń di mọ́ọ̀dù pa tó 6,000 tọ́ọ̀nù. Nǹkan bí 70 ègé tí wọ́n ìbá máa lẹ̀ pọ̀ ti di ẹyọ kan tàbí méjì. Ọgbọ́n ńlá ni, fún ilé iṣẹ́. Fún páńẹ́lì-bítà, ìyà ni. Páànù tó bá tẹ̀ ṣeé fi òòlù nà padà. Alumíníọ̀mù dídà máa ń sán. Bí wẹ́dà bá sì gbé iná sí i, gáàsì tó há sínú rẹ̀ á wú jáde bí ìléròrò. Àwọn tó ṣe é ro ti ilé iṣẹ́ wọn ju ti títì tí ọkọ̀ náà máa rìn lọ.

Ọ̀rọ̀ àjákù ló kan Akúrẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Búlọ́ọ̀kù àti ilé gíà ẹ́ńjìnnì kì í ṣàṣàyàn: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń dà wọ́n lè ní irin tó kọjá ìdá 1 nínú 100, pẹ̀lú bàbà tó tó ìdá 3. Ibẹ̀ ni àdàlù àjákù gbogbo ayé ń bọ́ sí. Èyí tí wọ́n fi ń da ìdí ọkọ̀ kò fẹ́ irin tó ju 0.2 lọ nínú 100, torí irin inú alumíníọ̀mù máa ń dì bí abẹ́rẹ́, ibi tí abẹ́rẹ́ bá wà ni ara ti ń sán. Kò sì rọrùn láti yọ ọ́ kúrò tó bá ti wọlé. Ìkòkò onírin tí wọ́n fi ń yọ́ ọ náà ń yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi tí wọ́n bá fi amọ̀ ra inú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ilẹ̀ ni kí wọ́n ti ya àjákù sọ́tọ̀: pístìn, tí sílíkọ́nì rẹ̀ tó ìdá 12, ní òkìtì tirẹ̀, búlọ́ọ̀kù ní tirẹ̀, agolo mínírà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ á kàn jó di ìdàrọ́, ní tirẹ̀, wáyà ní tirẹ̀.

Òkìtì wáyà ni kí wọ́n ṣọ́ jù. Nínú mọ́tò iná tí kì í lo òòfà, alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń dà sínú àwọn ihò tó yí igi àárín rẹ̀ ká, á sì dà bí àgò ẹyẹ. Iná ló ń gba inú àwọn ọ̀pá àgò yẹn kọjá, nítorí náà alumíníọ̀mù tó mọ́ tó ìdá 99.5 nínú 100 ló ń fẹ́. Sílíkọ́nì pístìn á dí iná lọ́nà. Wáyà òpó iná ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa okùn irin tó wà láàárín rẹ̀ yọ.