Nọ́ńbà Ara Ìbọ̀wọ́ Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Kò Sọ Bí Ọwọ́ Yóò Ṣe Ní Ààbò Tó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra ìbọ̀wọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ yóò rí nọ́ńbà kan ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀: 8, 10, 12, 14 tàbí 16, tí wọ́n kọ “oz” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń lu àpò ìdánrawò tí wọ́n gbé kọ́ nínú jíìmù gbà gbọ́ ni pé bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni ọwọ́ yóò ṣe ní ààbò tó. Pé ẹni tí yóò máa lu àpò lemọ́lemọ́ kò gbọdọ̀ ra èyí tí ó kéré sí 16, àti pé ẹni tí ó bá ra 12 kàn ń ṣọ́ owó ná ni, egungun rẹ̀ ni yóò sì san gbèsè náà. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, mo tilẹ̀ ń fi kọ́ àwọn tí wọ́n dé jíìmù lẹ́yìn mi.

“Oz” yẹn dúró fún áúǹsì, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ìwúwo. Áúǹsì kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28, nítorí náà ẹyọ ìbọ̀wọ́ kan tí ó jẹ́ áúǹsì 16 yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 454, tí ti áúǹsì 12 yóò sì wọn nǹkan bíi 340. Ohun tí nọ́ńbà náà sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò sọ ibi tí ìwúwo náà wà, yálà ní iwájú ìka ni tàbí ní ọrùn ọwọ́. Kò sọ irú fóòmù tí wọ́n kì sínú rẹ̀. Kò sì sọ bí àyè tí ọwọ́ yóò wọ̀ ṣe tóbi tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń kà á bí ẹni ń ka nọ́ńbà bàtà. Ó dà bí ìgbà tí a gbé àpò ìrẹsì lé òṣùwọ̀n láìtú u wò: a ti mọ bí ó ṣe wúwo tó, a kò mọ̀ bóyá òkúta wà nínú rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà jẹ́ áúǹsì 16. Ó pupa fòò, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, nígbà tí mo sì fi àtàǹpàkò tẹ iwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìka mi rì sínú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá tẹ búrẹ́dì Àgége tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Mo ní ohun tí mo ń wá nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi í lu àpò, olùkọ́ni a sì máa gbé páàdì, tìmùtìmù tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú kí n lè máa lù ú, fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí oríkèé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi fi wú, débi pé n kò lè fi ọwọ́ náà ṣí ìdérí ìgò omi. Nígbà tí mo fi han olùkọ́ni wa, tí mo sì ń ṣàlàyé pé, “Kóòṣì, áúǹsì 16 mà ni mò ń lò,” wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n gba ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n wá nà án sí mi.

“Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ tẹ iwájú rẹ̀ dáadáa. Kí ni ọwọ́ rẹ bà níbẹ̀?”

Egungun wọn ni ọwọ́ mi bà.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi bíléèdì la ìbọ̀wọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òórùn òógùn oṣù mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ jáde pàdé mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí fóòmù kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì olówó pọ́ọ́kú, tí ó nípọn tó ìka méjì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ó ti pẹlẹbẹ ní ọ̀gangan oríkèé ìka bí àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì tí ó ti jẹ. Kòtò kéékèèké mẹ́rin wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ibo wá ni gíráàmù 454 náà wà? Ó wà ní ọrùn ọwọ́, níbi tí wọ́n ti ká àkísà àti ègé fóòmù jọ sínú awọ láìdì wọ́n le. Ó sì wà ní ẹ̀yìn ọwọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fi lu àpò. Owó ìwúwo ni mo san, ìwúwo náà sì pé.

Ẹni tí ó bá ti jókòó lórí ìjókòó dáńfó tí fóòmù rẹ̀ ti kú mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ mi. Bí ènìyàn bá ṣe ń fi ìdí balẹ̀, ìjókòó náà rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, irin ni yóò bá a pàdé. Iṣẹ́ fóòmù inú ìbọ̀wọ́ ni láti dá ẹ̀ṣẹ́ dúró díẹ̀díẹ̀, nítorí bí àkókò tí ẹ̀ṣẹ́ fi ń dúró bá ṣe gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó ń padà wọ inú egungun ṣe ń dínkù. Fóòmù tí ó bá rọ̀ jù yóò ti tẹ́ tán kí ẹ̀ṣẹ́ tó dúró, láti ìgbà náà lọ, kò sí ohun kan láàárín oríkèé ìka àti àpò mọ́ àyàfi awọ. Ìdí nìyí tí títẹ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò nínú ṣọ́ọ̀bù fi ń tan ènìyàn jẹ: agbára àtàǹpàkò kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tí a fi gbogbo èjìká jù, ohun tí ó sì dùn mọ́ àtàǹpàkò lè jẹ́ ohun tí yóò pa oríkèé lára.

Ìbọ̀wọ́ tí ó dára fún àpò àti páàdì sábà máa ń ní ju ìpele fóòmù kan lọ. Ìpele kan yóò le díẹ̀, òun ni yóò gba ẹ̀ṣẹ́ tí yóò sì pín agbára rẹ̀ káàkiri kí ó má baà dá lé oríkèé kan; ìpele tí ó rọ̀ jù ú lọ yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ láti gba ohun tí ó ṣẹ́ kù. Àwọn kan ń lo látẹ́ẹ̀sì, èyí tí í ṣe fóòmù rọ́bà, àwọn kan ń lo fóòmù oníkẹ́míkà bíi EVA àti polyurethane, àwọn mìíràn sì ń da fóòmù sínú ohun èlò kan tí ó ní ìrísí ọwọ́ kí ó lè yọ ní odindi láìní ìpele. Irun ẹṣin wà pẹ̀lú, èyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan fẹ́ràn lọ́jọ́ ìjà nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ máa ń dun alátakò, ṣùgbọ́n kíákíá ni ó máa ń ṣí kúrò níbi tí a ti ń fi lu nǹkan, nítorí náà n kò ní gba ẹni tí ó ń lu àpò lójoojúmọ́ nímọ̀ràn láti ná owó sórí rẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ onípele tuntun, ó lè le bí pákó fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì torí èyí dá a padà fún ọlọ́jà, wọn a lọ gba èyí tí ó rọ̀.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ áúǹsì 16 yìí ti wá? Inú ìjà ìdánrawò ni. Nígbà tí ènìyàn méjì bá fẹ́ dán ara wọn wò nínú jíìmù, olùkọ́ni yóò ní kí wọ́n wọ áúǹsì 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà da ojú ẹnì kejì rú. Ojú ẹlòmíràn ni òfin yìí ń ṣọ́. Èrò náà kò sì jẹ́ tuntun: ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí Jack Broughton, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ́ àwọn ọlọ́lá ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbọ̀wọ́ onítìmùtìmù ni ó fún wọn láti fi kọ́ṣẹ́ kí ojú wọn má baà dúdú, ìgbà tí òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Queensberry dé ní 1867 ni ìbọ̀wọ́ tó di dandan nínú ìjà gan-an. Àwa tí a gbọ́ òfin ìdánrawò nínú jíìmù ni a gbé e lọ sí ìdí àpò, a wá ń rò pé ohun tí ń ṣọ́ ojú ẹlòmíràn ń ṣọ́ ọwọ́ tiwa náà ní ìwọ̀n kan náà.

Ẹ wo àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wò. Lọ́jọ́ ìjà, áúǹsì 8 ni àwọn tí wọn kò wúwo ju nǹkan bíi kílógíráàmù 66.7 lọ máa ń wọ̀, áúǹsì 10 sì ni àwọn tí wọ́n wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí wọ́n bí ní Watford ṣùgbọ́n tí orísun rẹ̀ wà ní Ṣàgámù, ti fi áúǹsì 10 gbé àwọn òmìrán ṣubú. Kí wọ́n tó fi ìbọ̀wọ́ náà sí i lọ́wọ́, ẹnì kan yóò ti jókòó níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí yóò máa fi bándéèjì àti téèpù wé ọwọ́ rẹ̀ ní àwélé-àwélé. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ààbò náà wà.

Ọwọ́ fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀. Nínú àwọn egungun tí ó gba inú ọwọ́ kọjá láti ọrùn ọwọ́ dé ìdí ìka, èyí tí ó jẹ́ ti ìka tí ó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ti ìka àárín dúró gbọn-in ní ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ó kẹ́yìn máa ń mì. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá fi ọmọńdinrín balẹ̀, egungun rẹ̀ lè ṣẹ́. Àwọn oníṣègùn tilẹ̀ fi orúkọ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò pe irú ìfọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó fi ìbínú lu ògiri ni ó sábà máa ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Bándéèjì ń so àwọn egungun yìí pọ̀ bí ìgbálẹ̀ tí a dì, ó sì ń mú ọrùn ọwọ́ dúró. Èyí tí ó gùn tó mítà mẹ́rin àti ààbọ̀ ni ó tó ọwọ́ àgbàlagbà. Èyí tí ó kúrú kì í dé ọrùn ọwọ́ dáadáa kí ó tó tán. Ìbọ̀wọ́ tí ó wúwo kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà mìíràn, ó ń bà á jẹ́ ni: bí èjìká bá ti rẹ ẹni tí ó gbé áúǹsì 16 fún ìsáà mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ á máa wálẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á máa wọ́, ìgbà náà sì ni ọrùn ọwọ́ ń rọ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìgbàgbọ́ yìí, kò sì yẹ kí n fi pamọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe ìbọ̀wọ́ irú kan náà ní áúǹsì 12 àti 16, fóòmù yóò sábà pọ̀ sí i nínú èyí tí ó jẹ́ 16. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí a bá fi 16 ilé-iṣẹ́ kan wé 12 ilé-iṣẹ́ mìíràn. Fún àpò àti páàdì, 12 tàbí 14 tí wọ́n ṣe dáadáa ti tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹni tí ara rẹ̀ tóbi gan-an lè fẹ́ 16, kò sì burú.

Nígbà tí mo padà lọ ra òmíràn, mo gbé bándéèjì mi dání, mo wé e nínú ṣọ́ọ̀bù níṣojú ọlọ́jà tí ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ìbọ̀wọ́ tí a kò fi bándéèjì dánwò ni ó máa ń há ènìyàn nígbà tí ó bá délé. Mo di ẹ̀ṣẹ́: orí ìka gbọ́dọ̀ kan òpin rẹ̀ láìká kò, àtàǹpàkò sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù, kí wọ́n sì ti rán an mọ́ ara ìbọ̀wọ́ kí ó má baà fẹ̀yìn lọ bí ẹ̀ṣẹ́ bá tàsé. Mo wá fi ẹ̀ṣẹ́ náà ti ògiri pẹ̀lú ìwúwo ara mi, láìlù ú, mo sì ń fetí sí oríkèé mi. Lẹ́yìn èyí ni mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ kejì tẹ ọrùn ọwọ́ náà síwájú àti sẹ́yìn. Bí ó bá tẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀, nọ́ńbà yòówù tí wọ́n kọ sí i.

Awọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Awọ màlúù gidi máa ń pẹ́ ju awọ oníke tí ń bó bí ìpẹ́pẹ́ ẹja lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀wù lásán ni awọ jẹ́ fún fóòmù. Mo ti rí ìbọ̀wọ́ tí awọ rẹ̀ ṣì ń dán nígbà tí inú rẹ̀ ti kú. Ẹ wo ojú ìránṣọ rẹ̀, pàápàá ní ìdí àtàǹpàkò, nítorí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tú. Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Ẹni tí ó bá ti sọ ìbọ̀wọ́ tútù sínú báàgì, tí ó sé e, tí ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ di ọ̀la, ń fi owó rẹ̀ bọ́ èbíbu ni. Mo máa ń nu inú rẹ̀, mo ń ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, mo sì ń gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ ìbòòji. Oòrùn tààrà máa ń mú kí awọ gbẹ kí ó sì sán, ọyẹ́ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bándéèjì ní tirẹ̀ yẹ fún fífọ̀ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí mo ń lò báyìí jẹ́ áúǹsì 12. Àpò àti páàdì nìkan ni mo ń fi í lù. N kì í wọ̀ ọ́ fún ìdánrawò, nítorí fóòmù tí àpò ti tẹ̀ le kò yẹ fún ojú ọmọlàkejì. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo ń di ẹ̀ṣẹ́ nínú rẹ̀, mo sì ń ní kí àbúrò mi fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iwájú rẹ̀ dáadáa. Títí di oṣù tí ó kọjá, fóòmù nìkan ni ó sọ pé ọwọ́ òun bà.