PASS tí ẹ̀rọ ìdánwò ọ́ìlì kọ kò kan ife inú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwa tá a ń ṣiṣẹ́ ìdí tiransfọ́mà ló gbà pé bí a bá ti tan ẹ̀rọ ìdánwò ọ́ìlì alágbèéká, èyí tó ń wọn bí iná ṣe máa pọ̀ tó kó tó lè gba inú ọ́ìlì tiransfọ́mà kọjá, tó yẹ ara rẹ̀ wò, tó sì kọ PASS (ó yege) sójú, ọ̀rọ̀ ti parí. Nọ́ńbà yòówù tó bá gbé jáde lẹ́yìn ìyẹn, òdodo ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì ti rí ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń fà.

Ara rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń yẹ̀ wò: ojú tó fi ń kọ̀wé, ìrántí rẹ̀, agbára bátìrì, bóyá ìdérí ti pa dáadáa. Kò ní ojú tó lè fi rí àlàfo àárín orí irin méjèèjì tí à ń pè ní electrode, tó wà nínú ife tí à ń bu ọ́ìlì sí. Kò mọ̀ bóyá aṣọ ni ẹ fi nu ife. Kò mọ̀ bóyá ọ̀rinrin wọ inú ife náà mọ́jú.

Inú ife yẹn gan-an sì ni ìdánwò ti ń wáyé. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé IEC 60156, ìlànà àgbáyé fún ìdánwò yìí, àlàfo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.5 mm. Ẹ ó bu ọ́ìlì sínú ife, ẹ ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kó rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á máa fi iná kún iná, 2 kV (ẹgbẹ̀rún fóòtì méjì) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, títí iná á fi fò láti orí irin kan sí èkejì. Ìgbà 6 ni yóò ṣe é, ìsinmi ìṣẹ́jú 2 láàárín ìgbà kan sí èkejì, a ó sì pín àròpọ̀ wọn sí 6. Bí àlàfo bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iná tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ló máa nílò kó tó lè fò, ọ́ìlì tí kò dáa á wá dà bí èyí tó dáa.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. A gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn Hílúùsì, a gba ọ̀nà tó kún fún kòtò lọ sí ibi tiransfọ́mà 33/11 kV kan, èyí tó ń sọ iná 33 kV di 11 kV. Ẹ̀rọ kọ PASS. Ọ́ìlì tá a fà láti ìsàlẹ̀ táńkì mú 46 kV wá, inú wa sì dùn, torí pé fún tiransfọ́mà irú ìyẹn, ohun tó bá ju 40 lọ la kà sí ọ́ìlì tó dáa. Ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ ife síta, ó mú gééjì kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn àlàfo jáde nínú àpò, ó tì í sáàárín orí irin méjèèjì. Gééjì náà ń mì láàárín wọn bí eyín tó fẹ́ yọ. Síkúrù tó di ọ̀kan mú ti tú lójú ọ̀nà, àlàfo sì ti sún mọ́ 4 mm. A tún un dì, a fi ọ́ìlì tuntun láti inú táńkì kan náà dán an wò: 28. Ọ́ìlì tó yẹ ká kíyè sí lójú ẹsẹ̀ la fẹ́ fi sílẹ̀ lọ sílé.

Ìdọ̀tí ife ló ń ṣe òdìkejì èyí. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tó mu omi, tó wọ inú ọ́ìlì, iná á fà á wá sáàárín irin méjèèjì, á sì di afárá fún un. Ọ́ìlì tó mọ́ á wá dà bí èyí tó bàjẹ́, wọ́n á sì náwó rẹpẹtẹ sórí sísẹ́ ọ́ìlì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má fi aṣọ tàbí òwú nu ife. Ọ́ìlì tí ẹ fẹ́ dán wò ni kẹ́ ẹ fi ṣan án, kẹ́ ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ tún ṣan án lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má ki ìka bọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú rẹ̀. Nígbà òjò, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ jáde láti ọ́fíìsì tí AC wà sínú ooru, ife á làágùn bí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde. Ẹ dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e pamọ́, ọ́ìlì gbígbẹ (tí kò ní omi nínú) tó mọ́ ni kẹ́ ẹ kún inú ife, kẹ́ ẹ dé e.

Báwo la ṣe ń yẹ ẹ̀rọ wò lóòótọ́? Mo ń tọ́jú ìgò ọ́ìlì kan tí wọ́n ti yọ omi inú rẹ̀ dáadáa, tí mo dé pa. Kí n tó kúrò ní ìdí iṣẹ́, mo máa fi díẹ̀ nínú rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, mo sì máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Bó bá ń mú 68 wá tẹ́lẹ̀, tó wá di 41 lónìí, ife ni mo kọ́kọ́ ń fura sí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo máa ń wo ojú irin lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì: bí iná bá ti lu kòtò kékeré sí i, a ó fi pólíìṣì dán an tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó tún àlàfo wọ̀n.

Nǹkan kan wà tí mi ò ní gbójú fò. Swíìṣì ìdérí ló ń gé iná nígbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà so ó mọ́ra, kí ìdánwò lè yá. Irú ẹ̀rọ yìí lè gbé iná tó tó 60 tàbí 80 kV sókè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó. Kí ẹ sì ti so wáyà ilẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó tan án.

Gééjì 2.5 mm tèmi, okùn ni mo fi so ó mọ́ ọwọ́ àpótí ẹ̀rọ, kò sì sí bí mo ṣe lè ṣí ìdérí náà láì fọwọ́ kàn án.