Ẹ tó tún ra bẹ́rìn míì, ẹ wo ẹ̀yìn rímù

Ẹ̀gbọ́n kan wá bá mi ní Kugbo níbí l'Abuja lọ́sẹ̀ tó kọjá, Camry ló gbé wá, ó ní ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ń ké ùùùù, àgàgà tóun bá ti wọ eré 80 lọ́nà Kubwa. "Àbúrò, tí n bá pààrọ̀ eléyìí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọdún kan o, àbí ayédèrú ni gbogbo bẹ́rìn ìlú yìí ni?" Bẹ́rìn, ìyẹn òrùka irin oníbọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò yí gẹ̀rẹ̀, ló ń sọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jáàkì ẹ̀ ná.

Bí mo ṣe yọ táyà báyìí, irin pẹlẹbẹ kan ló jókòó sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù tí wọ́n ń de rímù mọ́, ó nípọn tó àtàǹpàkò. Sipésà. Ó ní ọmọ òun ló fi í sí i, pé kí táyà lè yọ síta, kí mọ́tò lè gún régé. Tóò.

Ẹ wò ó, àwọn tó ṣe mọ́tò ti ṣírò ẹ̀ kí ìwúwo ọkọ̀ lè bọ́ sí àárín bẹ́rìn, kí ìlà bọ́ọ̀lù méjèèjì tó wà nínú ẹ̀ lè jọ pín in gbé. Sipésà 25mm sún táyà síta, ẹrù ò pọ̀ sí i o, ibi tó ti ń tẹ bẹ́rìn ló yí padà. Ṣẹ́ ẹ mọ mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, tó máa ń gbé igi lé èjìká, tí garawa méjì so mọ́ ọn? Ẹ sún garawa kan síta díẹ̀, omi ò lé, àmọ́ èjìká á mọ̀ pé nǹkan ti yí. Ẹsẹ̀ iwájú Camry kan ń gbé bíi kílò 450, tẹ́ ẹ bá wá sún un síta ní 25mm, ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ de irin onímítà kan mọ́ họ́ọ̀bù tẹ́ ẹ so ẹrù kílò 11 mọ́ ẹnu irin yẹn tẹ́ ẹ wá ń gbé e kiri láràárọ̀, orí títì tó dán sì ni mo fi ṣírò yẹn o, mi ò tíì dé inú kòtò.

Mo fi gíráńdà la bẹ́rìn ọ̀hún kó lè fojú ara ẹ̀ rí i. Ìlà tó wà lápá inú ṣì ń dán gbinrin, èyí tó wà lápá ìta ti ṣí wúruwùru bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà, gírísì ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà.

Àmọ́ kí n má purọ́ mọ́ sipésà, òun nìkan kọ́. Apá ọ̀tún náà ní sipésà tiẹ̀, kò sì ké. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ti bẹ́rìn òsì wọlé, ó ní òòlù ni, ojú òun ni wọ́n ṣe gbá a. Irú bẹ́rìn bẹ́ẹ̀ ti gbọgbẹ́ kó tó rìn rárá, torí gbogbo gbígbá yẹn ara bọ́ọ̀lù ló ń gbà kọjá, ẹ ní kí wọ́n lo présì, ẹ̀rọ tó ń rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé, jàre. Sipésà 5mm lára bẹ́rìn tó dáa, mi ò ní pariwo lé e lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò lo sipésà náà, ẹ yí rímù yín sẹ́yìn. Ẹ máa rí nọ́ńbà ET níbẹ̀, mílímítà ni, bó bá ṣe kéré tó ni táyà ṣe máa yọ síta tó. Tí ti ilé iṣẹ́ bá jẹ́ ET45, tẹ́ ẹ wá lọ ra ET20 torí ẹwà, 25mm yẹn náà lẹ rà, orúkọ ló yàtọ̀.

Tí ẹsẹ̀ bá ń ké, ẹ rọra yí sítíà sọ́tùn-ún lórí eré, tí ariwo bá lé, apá òsì lẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá jáàkì ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di sípíríńgì mú, ẹ fi èkejì yí táyà, bẹ́rìn tó ti bàjẹ́ á máa gbọ̀n sí yín lọ́wọ́ rìrìrì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju bẹ́rìn lọ ni nọ́ọ̀tì. Sipésà tí wọ́n kàn kì bọ ara sítọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́, ìyẹn irin tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́, nọ́ọ̀tì ò ní rí ibi tó pọ̀ dì mú. Ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó le, lára Toyota onísítọ́ọ̀dù 12mm tí kò bá ti tó ìgbà méje ẹ má gbé e jáde. Tẹ́ ẹ bá dè é tán, tẹ́ ẹ forí lé ọ̀nà Lokoja, ẹ dúró ní Gwagwalada kẹ́ ẹ tún un dè.

Mo yọ ti ẹ̀gbọ́n yẹn méjèèjì, mo fi présì ti bẹ́rìn tuntun wọlé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọ ẹ̀ pè mí, ó ní mọ́tò bàbá òun ti wá dà bíi ti pásítọ̀.